Ohun Tí Àdùfẹ́ Ń Fún Mi

Òpópónà Ainslie,
Albany Park,
Chicago, Illinois,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 1987.

Kàfáyàtù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Bàbá Gàníyù ń gbádùn? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o kírun lórí ìdúró, àbí orí àga lo ṣì ń jókòó sí? Gàníyù ńkọ́ ní yunifásítì, ṣé wọ́n ti ṣí i padà, àbí wọ́n tún ti lé wọn wálé? Mo kí gbogbo ilé. Àwa níbí ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá mi jà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń wọ̀ nínú ilé, tí mo bá fẹ́ jáde, aṣọ tí mò ń kó sára pọ̀ débi pé ìwọ gan-an kò ní dá mi mọ̀. Ràhámọ̀tù, ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n sọ ní orúkọ ìyá mi, ti ń rákò. Ó ti hu eyín méjì, orí ìka mi ló sì fi ń dán an wò.

Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lo fẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ maṣíìnì ìránṣọ lo fẹ́ gbọ́. Kàfáyàtù, kò sí maṣíìnì mọ́. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n lè ráyè mí. Ìbínú ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, bí o bá rí ibi tí bírò ti dá bébà lu, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu.

Ìwọ lo bá mi lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí mo lọ gba físà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ṣé o rántí ìbéèrè tí òyìnbó yẹn bi mí? Ó ní kí ni mò ń lọ ṣe ní Amẹ́ríkà. Mo yọ ìwé ìfẹ̀yìntì mi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo ní mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ Ìwó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, owó ìfẹ̀yìntì mi tó mi í jẹ, n kò wáṣẹ́, ìsinmi ni mò ń wá lọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi fún mi ní físà ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó kàn ń bọ̀ wá kí ọmọ, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́. Bí a ṣe jáde, ńṣe lo ń fò bí ọmọdé. A ò mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì yẹn kò ní dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà náà. O kọ̀wé pé wọ́n tún ń yẹ orúkọ wa wò. Àbí wọ́n rò pé a ti kú ni?

Ìsinmi tí mo sì sọ pé mò ń wá, mo rí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àdùfẹ́ ọmọ mi ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù. Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ ń wa takisí láàárọ̀, ó ń lọ sí iléèwé nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ti wẹ ọmọ, tí mo pọ̀n ọ́n, tí ó sùn, ó di kí n máa wo ògiri. Ìgbà tí mo ń lọ ra òwú ní òpópónà Lawrence, nítòsí wa níbí, ni mo rí àkọlé kan lára wíńdò ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ aṣọ rán. Obìnrin ará Kòríà kan ló ni ín, Missis Pak ni wọ́n ń pè é. Ó fún mi ní síkẹ́ẹ̀tì kan pé kí n ṣẹ́ etí rẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ. Ó yí i sí òdì, ó wò ó títí, ó pe ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn pé kí ó wá wò ó. Ó ní kí n mú ìwé àṣẹ iṣẹ́ wá, kí n sì bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀yìn ló ti fi maṣíìnì dúdú méjì hàn mí, àwọn tí kò lò mọ́. Ó ní bí mo bá lè bá òun rán aṣọ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀, òun á kó méjèèjì fún mi lé owó iṣẹ́ mi. Méjèèjì, Kàfáyàtù! Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Mo ti rí wa nínú ṣọ́ọ̀bù tí o gbà lọ́wọ́ Alàgbà Bádéjọ, tí àwọn ọmọ ìwé tò síta tí wọ́n ń dúró de yunifọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ̀wé sí ọ pé kí o má fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, ọmọ Ìkirè kan tó ń gbé ní Woodridge, tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́, ló bá wa kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gbà mí láàyè láti ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀nà náà há, ṣùgbọ́n kò dí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí àárín ìlú. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń kìlọ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n bá bi yín nìkan ni kí ẹ dáhùn o. Yes or no. Ẹ má explain nǹkan kan.” Mo ní mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé ṣé irú ọmọ tí mo bí yìí ni yóò kọ́ mi bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè.

A jókòó títí ìdí fi ń ro mí kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Ọmọbìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kò lè ju Àdùfẹ́ lọ lọ́jọ́ orí. Kò le mọ́ mi rárá, ohun tó sì mú mi nìyẹn. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́ pé mo ní ọmọ-ọmọ. Mo yọ fọ́tò Ràhámọ̀tù nínú báàgì. Ó ní ọmọ náà rẹwà. Ó bi mí pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo ní èmi ni. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ń fi òrí pa á lára, bí mo ṣe ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́n tí mo fi ń se ọbẹ̀. Ọládòṣù wúkọ́. N kò kà á sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ọmọ mi máa ń fún mi lówó.

Kàfáyàtù, kí ni ìwọ ìbá sọ? Ìyá wo ni yóò la ẹnu níwájú àlejò pé ọmọ tí òun bí kì í fún òun ní nǹkan? Ìyá Ajíbóyè ládùúgbò wa, tí ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ sí Jọ́ọ̀sì, tí gaàrí àwìn ló ń jẹ, bi í wò: yóò ní ọmọ òun ń gbìyànjú, àná òde yìí ló ránṣẹ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmú tòun gbẹ? Mo tún ìborùn mi gbé sí èjìká. Mo ní, háà, Àdùfẹ́ mi! Oṣooṣù ló ń fún mi. N kì í béèrè kó tó fún mi, ọkọ rẹ̀ náà á sì fi tirẹ̀ lé e.

Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, Àdùfẹ́ kò fún mi ní kọ́bọ̀, kì í sì í ṣe pé kò fẹ́. Owó ilé àti owó iléèwé ọkọ rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a bá lọ ra ẹran, mo máa ń rí i bó ṣe ń dá èyí tó ti mú padà, á ṣe bí ẹni pé kò wù ú mọ́. Àṣírí ọmọ mi ni mo fẹ́ bò.

Ọmọbìnrin yẹn kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún mi, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, tó sì ń gba owó lóṣooṣù, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ní mo ti ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ nìyẹn, wọn kò sì lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ. Ó tún fa ìwé tí mo fọwọ́ sí ní Èkó yọ, pé ṣebí mo ti sọ pé owó ìfẹ̀yìntì mi tó mi í jẹ. Mo ní kì í ṣe owó iṣẹ́, ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá ni. Ó ní ó yé òun, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹnu ara mi sọ ni òun kọ. Wọn kò fún mi láṣẹ. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé kí ọdún yìí tó parí. Nínú mọ́tò, Ọládòṣù gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ní, “Màmá! Yes or no ni mo sọ!” Mo ní kó wakọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, n kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á lówe fún mi.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ń ba Tàjùdéèn. Ó ní kí n má pọn ọmọ jáde mọ́, kí àwọn aládùúgbò má baà rí mi “lẹ́nu iṣẹ́”. Mo ní kó lọ pe ọlọ́pàá. Mo pọ̀n ọ́n, mo sì jáde.

Kò tíì tán o. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, Ọládòṣù gbé ìwé kan dé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní lọ́yà òun ti rí ọ̀nà kan. Kí Àdùfẹ́ búra nínú ìwé pé láti ìgbà tí ìyá òun ti dé, òun kò fún un ní ohunkóhun rí, kí èmi náà fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, Missis Pak ṣáà ṣì ń dúró. Àdùfẹ́ mú ìwé náà, ó kà á sókè. Nígbà tó dé ibi “ohunkóhun rí”, ó gbé ìwé náà kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, “Màmá, it's the truth kẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sign ẹ̀.” Ṣùgbọ́n kò wò mí. Bàtà kan ṣoṣo tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fi bébà tẹ́ inú rẹ̀ nítorí omi yìnyín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò kọ orúkọ rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí tábìlì.

Mo gba bírò náà. Mo ní kí Ọládòṣù mu tíì rẹ̀ kó tó tutù.

Inú ń bí mi, Kàfáyàtù. Inú ń bí mi sí òfin wọn tó ka ọmọ-ọmọ mi sí iṣẹ́, inú ń bí mi sí àwọn tó jókòó lé owó ìfẹ̀yìntì wa, inú sì ń bí mi sí ẹnu ara mi. Mo fẹ́ maṣíìnì méjèèjì yẹn débi pé mò ń gbọ́ ìró wọn lójú oorun. Ṣùgbọ́n n kò lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìlì ìjọba nípa ọmọ tí mo bí. Àná, mo gba òpópónà Lawrence kọjá pẹ̀lú Ràhámọ̀tù lẹ́yìn mi. Missis Pak ti tún àkọlé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wíńdò.

Nítorí náà, mò ń bọ̀ wálé. Bá mi bẹ Alàgbà Bádéjọ kí ó má gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wa. Maṣíìnì ọlọ́wọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ní kí wọ́n gbé e jáde kí wọ́n ta epo sí i. Èmi á máa yí i, ìwọ á máa gé aṣọ, orúnkún rẹ kò ní jẹ́ kí o sáré kúrò níbẹ̀. Kí Bàbá Gàníyù fún mi, kí Gàníyù, kí Ìyá Ajíbóyè, má sì sọ fún un pé mo fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Mo mọ ilé wa. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni wọn á ti máa bi ọ́ pé kí ni Àdùfẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìwọ nìkan ni mo sọ òótọ́ fún. Sọ fún wọn pé ó ra maṣíìnì ńlá méjì fún mi, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ. Sọ fún wọn pé wọ́n ń bọ̀ lórí omi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́,
Sìmíátù Adéògún.