Àpótí Fíìmù Tí Kò Bàjẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àpótí kékeré kan ló ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbé fíìmù wá sórí tẹlifíṣọ̀n wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á fún bàbá wa. Òun àti bàbá jà lórí obìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ṣaya, ẹ̀gbọ́n mi sì kó jáde nílé. Láti ìgbà náà ni àpótí kò ti ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo nu eruku ara rẹ̀, mo yọ wáyà, mo tún fi í sí i, pàbó ló já sí. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka ohun tó kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ni mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti yí páásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń ṣí i padà. Mo pè é.

Ó ní, "Kí bàbá pè mí fúnra wọn. Ohùn wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Mo jíṣẹ́. Bàbá ní, "Kí n wá torí fíìmù bẹ ọmọ tí mo bí? Ẹ sin ẹ̀rọ yẹn, ó ti kú." Nígbà tó ṣe, wọ́n rọra bi mí pé, "Ó ń jẹun ṣá?"

Ìdúró ti wá sú ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi páásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ó ní kí n ṣe bí ẹni pé èmi ni mo tún ẹ̀rọ náà ṣe. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, fíìmù á dé. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n á tún torí rẹ̀ pe ara wọn? Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n jẹ́ kó ṣì bàjẹ́ ná?

Èmi, àbíkẹ́yìn tó wà láàárín àwọn méjèèjì.