Lẹ́tà Ọwọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Karùn-ún 1999

Mo forúkọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, Òkè-Ògbó. Oṣù mẹ́ta: yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, kíkọ ojú ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kọ pátákó ní Ẹnuwà, ṣùgbọ́n láti èṣí, pósítà ni gbogbo èèyàn ń lọ tẹ̀. Sàrátù ìyàwó mi ló ní kí n lọ kọ́ ọ kí ọ̀dà tó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì — ó dáa náà.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Karùn-ún

Olùkọ́ wa: Fisáyọ̀mi Adébíyìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Èmi náà ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀; olùkọ́ mi ni. Nínú ìwé yìí, Tíṣà Kékeré ni.

Mi ò lè fi máòsì fa ìlà kan ṣoṣo kó gún. Èmi tí mo ń fa ìlà gbọọrọ sára ògiri láìlo rúlà! Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má dì í mú bí ẹni di òòlù mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Karùn-ún

Iná ò sí. A jókòó lásán títí di aago méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Karùn-ún

Tíṣà Kékeré wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúró níwájú àwọn pátákó mi, ó ń fi ìka tọ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Ó ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà ò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ẹni tó bá tẹ Yorùbá tán, á tún mú bírò, á máa sàmì sí i. Ó ní bí mo bá lè fi ọwọ́ mi kọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ńlá àti kékeré, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀, òun á fi ẹ̀rọ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni á sì lè máa fi wọ́n tẹ̀wé. "Lágúnjú" ni lẹ́tà náà máa máa jẹ́, ó ní.

Orúkọ bàbá mi. Mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé, inú mi dùn jù.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Karùn-ún

Mo parí ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, bébà funfun. Ṣ ló yọ mí lẹ́nu jù — ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹfà

Iṣẹ́ kíláàsì mi nìyí báyìí: kí n máa fi máòsì tọ etí lẹ́tà mi kọ̀ọ̀kan títí á fi dán. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Tíṣà Kékeré jókòó tì mí, ó ń tọ́ mi sọ́nà.

Mo kọ ojú ìwé Íńtánẹ́ẹ̀tì tèmi náà. Orúkọ mi gàdàgbà lókè. Mo yí ìlà kan padà, gbogbo ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Mo mú Fàrídà ọmọ mi wá wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹfà

Tíṣà Kékeré lọ sí Èkó. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹfà

Kò sí ìgbéyàwó kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé pe gbogbo wa jọ. Ó ní Fisáyọ̀mi ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Ìkẹjà, nítorí lẹ́tà Yorùbá tó dá sílẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tí ọmọ náà ṣe hàn wá. Fọ́tò ẹ̀ rèé. Lẹ́tà mi rèé, láti A dé Y. Lábẹ́ ẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ Fisáyọ̀mi Adébíyìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí kọ̀ǹpútà tí mo máa ń lò, mo wo ibi tí orúkọ àwọn lẹ́tà wà. Mo wá Lágúnjú. Kò sí. Ó wà lábẹ́ F — Fisayo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹfà

Sàrátù ní mi ò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé nílé. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní òun mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ẹ̀kọ́ òun ti wà lójú ìwé náà, àwọn òbí sì ti ń torí ẹ̀ mú ọmọ wá. Kí n ní sùúrù.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹfà

Mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹfà

Fisáyọ̀mi wá kó ẹrù ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Mo ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé ta ló yọ orúkọ mi. Mi ò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni. Ó ń wolẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ dárúkọ yín fún wọn, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n bi mí pé irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe. Mo ní ẹ ń kọ pátákó lẹ́bàá títì. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ ńkọ́?"



"Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ó wá ń sunkún. Ó ní òun máa dá orúkọ mi padà sójú ìwé náà kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Mo gbà á gbọ́. Mo tún bá a gbé àpótí ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Keje

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé bá mi ṣí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ Fisáyọ̀mi nìkan ló ṣì wà níbẹ̀. Ìlà kan péré ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ mi.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Keje

Ọkùnrin kan wá láti Ìpetumodù, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé. Ó fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ń wá pátákó. Ó yọ bébà kan lápò, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ sí i. Lẹ́tà mi. Ó ní bí ọwọ́ mi bá lè ṣe irú èyí gẹ́lẹ́, tèmi niṣẹ́ náà.

Mo tẹ́ pátákó, mo kọ ọ́ níṣojú ẹ̀. Mi ò wo bébà náà rárá. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní mo gbìyànjú, ó jọ ọ́ gan-an, àmọ́ ti kọ̀ǹpútà ṣì dáa jù ú lọ.

Mo ní, "Èmi ni mo kọ lẹ́tà tó wà nínú bébà yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀ ti lọ, mo tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ìsàlẹ̀ pátákó, lápá ọ̀tún. Mo kọ LÁGÚNJÚ síbẹ̀, ó tóbi ju bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ lọ. Bí kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó fi pátákó mi sílẹ̀ fún mi.