Adìẹ Tí Ìyá Àgbà Yóò Jẹ

Màámi ọ̀wọ́n, ẹni tí kì í ra adìẹ láìkọ́kọ́ fẹ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀ wò,

Mo kí yín láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Orí àpótí tí ẹ fi ń dáná ni mo jókòó sí. Adìẹ kan ń wò mí láti abẹ́ agbọ̀n, èmi náà sì ń wò ó. A ò tíì gba ara wa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Àgbà, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn ò fi ẹran kan ẹnu. Wọ́n ní ẹja ń rùn. Ẹ̀wà ń wú wọn nínú. Ẹyin tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì í, wọ́n dá a padà fún mi. "Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n ti yé eléyìí? Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Ẹ rántí bí ọwọ́ wọn ṣe kún tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn a yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Dókítà sọ fún mi pé bí wọn ò bá jẹ ohun tó ń mú ara le, ìkọsẹ̀ kékeré kan lè sọ wọ́n di ẹni orí ibùsùn. Mo sì ti rí i ní agboolé yìí pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ orí wọn kì í sáábà dìde.

Ohun kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́: adìẹ Hábíbà, ìyẹn tiyín, nìkan ni àwọn lè jẹ. Adìẹ ìbílẹ̀ láti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó fi jẹ oúnjẹ mímọ́, kí ohun tó ti ṣà jẹ ní gọ́tà lè tán nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe Bísímílà sí kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Ẹ kẹ́ wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè gba ipò yín.

Mo gbìyànjú. Bróílà ni mo kọ́kọ́ gbé wálé, torí pé ẹran rẹ̀ rọ̀, eyín wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà wò ó bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń wo ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá wọn tún ilé ẹbí kọ́.

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, mà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ló ti tóbi báyìí? Kí ni wọ́n ń fún un jẹ? Gbé e kúrò níwájú mi kó tó di màlúù."

Tòlótòló inú yìnyín kò tilẹ̀ dé orí iná. Wọ́n béèrè ẹni tó pa á, ìlú tí wọ́n ti pa á, àti bóyá ṣe ni wọ́n pa á lóòótọ́ àbí ó ti kú kí ọ̀bẹ tó dé. Wọ́n ní òkú ǹbete ni mo fẹ́ fún àwọn jẹ lẹ́yìn gbogbo ààwẹ̀ tí àwọn ti gbà láyé. Nígbà tí mo dárúkọ pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, nítorí pé àti kékeré ni wọ́n ti ń rí ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ ní àdúgbò yìí. Awó ńkọ́? "Ẹyẹ tó ń pariwo bí ẹni tó jí nǹkan? Rárá o."

Màámi, ìfura ń ranni. Kí ó tó pẹ́, èmi náà kò lè rí adìẹ kí n má bi ara mi pé ta ló bí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Apọ́ngbọ̀n lọ bá Mútíù aládìẹ yín, ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn tí í kí ènìyàn títí tí ènìyàn á fi gbàgbé ohun tó fẹ́ bi í.

"Ọmọ Alájà! Àǹtí wa! Ẹ ti pa wá tì pátápátá."

"Mútíù, adìẹ ìbílẹ̀ ni mo fẹ́. Ìbílẹ̀ tòótọ́."

"Ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn, Àǹtí."

Mo nàka sí funfun kan tó sanra bí tìmùtìmù. "Èyí náà?"

"Ìyẹn? Ìbílẹ̀ ìlú òyìnbó."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo fẹ́ ìyẹ́ ìdí wọn wò. Mo fọwọ́ kan igẹ̀ wọn kí n mọ̀ bóyá eegun lásán ni. Mo tẹ àpò oúnjẹ ọrùn wọn, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ki àgbàdo tútù bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè wúwo. Mútíù dúró, ó káwọ́, ó ń wò mí bí ẹni tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń tú ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn, ó fa adìẹ pupa kan jáde. Ó ní irú èyí ni Alájà máa ń mú, ọjọ́ gbogbo, kò yí i padà rí.

Mo gbé e. Ara rẹ̀ le. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀. Màámi, kò sí ará Ìjẹ̀bú tí í gé ẹnu adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ilé. Ibi tí wọ́n ti ń kó adìẹ pọ̀ sínú ọ̀gbà ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn adìẹ má baà ṣá ara wọn jẹ.

"Adìẹ àgíríìkì nìyí, Mútíù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́yin ni. Ó ti yé ẹyin títí, kò fi bẹ́ẹ̀ yé mọ́, ni wọ́n ṣe kó wọn tà. Ẹran rẹ̀ le bí ti ìbílẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Alájà ní kò sí ìyàtọ̀ tí a bá ti sè é pẹ́. Àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ò ń purọ́ mọ́ òkú."

"Kí ni èrè mi níbẹ̀, Àǹtí? Òkú ò tún lè rajà lọ́wọ́ mi."

Mo rà á. Bóyá inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n rà á, n kò mọ̀. Gbogbo ọ̀nà dé ilé ni mo fi ń rántí àwọn nǹkan tí n kò kà sí nǹkan kan rí. Kí ló dé tí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sí ẹ̀yìnkùlé tí ẹ bá ń tu ìyẹ́? Kí ló dé tí ẹ máa ń kọ́kọ́ gé orí adìẹ jù sí ológbò, tí ẹ̀ ń sọ pé orí adìẹ kò dára fún eyín àgbà? Ta ni Sàlámọ̀ tí ẹ ní ó ń gbé adìẹ wá fún yín láti Ìjẹ̀bú? Mo ti bi gbogbo agboolé. Kò sẹ́ni tó fojú kàn án rí. Ìgbà tí kò bá sẹ́nì kankan nílé ló máa ń wá. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní yunifásítì ni kí n má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìrí ẹ̀rí, mi ò sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé mi dé. Ṣé adìẹ ìbílẹ̀ ló wọ́n yín? Ṣé ẹ kọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí i pé wọ́n jẹ ẹ́, ẹ kò wá rí bí ẹ ṣe máa padà? Àbí Mútíù kàn fẹ́ ta adìẹ rẹ̀ ni?

Mo so adìẹ náà mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi agbọ̀n bò ó, mo sì da ọkà sí i níwájú. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò rí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbé àga wá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ṣọ́ ọ, torí pé ní Èkó yìí, wọ́n lè pààrọ̀ ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n jókòó tì í láti àárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bí aládùúgbò bá kọjá, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá.

Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ igbe wọn láti inú ilé. Mo rò pé wọ́n ti ṣubú. Mo sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ó yé! Ẹ wá wò ó, ó yé! Lójú èmi báyìí!"

Wọ́n ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbọ̀n. Ẹyin náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó pupa, ó tóbi, ó ṣì gbóná. Wọ́n fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú mi dùn, àyà mi sì já, torí ẹ mọ bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ṣe máa ń kéré tó. Wọ́n gbé e sókè sódò lọ́wọ́ bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

"Ẹyin adìẹ Ìjẹ̀bú ti wá tóbi tó báyìí?"

Màámi, òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Tí mo bá sọ ọ́, ẹyin yẹn á padà sílẹ̀, gbogbo ẹran tí wọ́n ti jẹ lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́ wá á sì di ìbéèrè. Mo wo ọwọ́ tó di ẹyin náà mú, mo rí bó ṣe tín-ín-rín.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìjẹ̀bú ni."

"Báyẹn gan-an ni Hábíbà máa ń sọ ọ́. Á sì máa wo ilẹ̀." Wọ́n na ẹyin náà sí mi. "Ó yá, lọ sè é. Má jẹ́ kó le jù."

Wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ìka, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan adìẹ náà. Mo ti ń wo ojú wọn láti ìgbà yẹn, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n mọ̀, Màámi? Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀?

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín gidigidi, bí n kò tilẹ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.