Nọ́ọ̀sì Inú Fóònù Moyinolúwa

Ìkòyí-Ilé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Akínkúnmi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé wọn ò yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́? Èmi àti ìyá yín ń bẹ láàyè, a sì ń dárúkọ rẹ nínú àdúrà ní àràárọ̀ kí a tó dá iná. Olúwa tó mú ọ jáde nílé yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àgbàdo ti gbó, òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, ewúrẹ́ ìyá yín sì bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ni kò fẹ́ mu ọmú. Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù a sì máa já mọ́ mi lẹ́nu níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù, ni mo ṣe fi í rán awakọ̀ tó ń kó iṣu lọ sọ́dọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Moyinolúwa ni. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá sọ fún mi pé àwọn kan ń wá àwọn ọmọ ìgbèríko tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìlera, pé wọn yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méńtọ̀. Mo ní kò burú, kí ó bá ìyá yín gba tirẹ̀ náà, nítorí mo rò pé ìpara méńtọ̀ tó máa ń ta ènìyàn lára, tí ìyá yín fi ń ra orúnkún, ni. Àṣé ènìyàn ni méńtọ̀, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tí yóò máa fọ̀nà han ọmọ. Ó ní ọ́ńláìnì ni wọn yóò ti máa ríra. Mo ní kí ó tètè lọ tò kí láìnì náà tó gùn.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ yà mí lẹ́nu. Ó ní kí Moyin kọ́kọ́ jẹ́rìí pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Mo bi í pé kí ni róbọ́ọ̀tì, ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ènìyàn ni. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi Bámgbóṣé ni mo bí i, pé ìjọ Onítẹ̀bọmi ni a ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹlẹ́rìí wà. Wọ́n tún ní kí ó fọwọ́ tẹ gbogbo àwòrán tí alùpùpù bá wà. Mo ní ṣé ilé ìwòsàn ni àbí gáréèjì, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ríra, mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo sì tẹ̀ lé e lọ sábẹ́ igi kajú tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń mú dáadáa. Bí fóònù ṣe tàn, obìnrin kan yọ nínú rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó fi híjáàbù funfun borí. Ní igun ìsàlẹ̀, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń wò mí, tó jọ bàbá mi tó ti kú. Mo yára ṣí fìlà kí i, òun náà ṣí fìlà. Moyin ní ẹ̀yin fúnra yín nìyẹn, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé mo ti darúgbó tó báyìí, Akínkúnmi.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ obìnrin náà, agbẹ̀bí ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó kí mi dáadáa. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ó ṣàdédé gan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan pé kí Jésù má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tó tún mira, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo ní kí ó tọ́jú ara rẹ̀, kí ó má fojú kékeré wo nẹ́tíwọ̀kì yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ó bi Moyin pé kí ló dé tó fi fẹ́ ṣe agbẹ̀bí. Ọmọ náà wolẹ̀, ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ìyá yín rọbí ọmọ tí a ti mú orúkọ Ẹ̀yẹolúwa kalẹ̀ dè, tí òjò gé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí a kò rí ọkọ̀, tí ọmọ náà kò sì sunkún nígbà tó dé. Ọmọ ọdún méje ni Moyin nígbà yẹn, mo rò pé a ti rán an lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun kò lọ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun wà, òun gbọ́ bí Ìyá ṣe ń pe Bàbá, tí Bàbá sì ń sọ pé òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án ni a ti jọ ń gbé inú ilé kan náà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sọ ọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí ó sunkún tán. Ó wá bi í léèrè àwọn ìwé tó ń kà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti dé. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní tíṣà kẹ́mísìrì, wọ́n sì ti kó o sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ nípa ìjọba. Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní purọ́ fún un, láìsí kẹ́mísìrì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan kò ní gbà á, àfi kí ó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò bẹ̀rẹ̀ padà.

Mo bínú. Mo ti bá Tijésùnimí tó ń ránṣọ sọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Moyin yóò ti kọ́ṣẹ́, mo ti gbé iṣu lọ fún un. Mo ní obìnrin tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni yóò kó ọmọ kúrò nílé mi? Mo gba fóònù náà, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi. Moyin kò bá mi jà. Ó ń pọnmi, ó ń dáná, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ìyá yín náà kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣe àlejò.

Ní ọjọ́ kẹta, fóònù dún nínú àpótí. Nọ́ọ̀sì Mọ̀ríámọ̀ ni. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí, kò bẹ̀ mí. Ó ní àáfà ni bàbá òun, odidi ọdún kan ni ó fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà òun kò dá mi lẹ́bi. Ó ní kí n wá sí Ọ̀yọ́ kí n wá wo iṣẹ́ náà, ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, òun yóò gbà á.

Mo lọ. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní ẹsẹ̀, nítorí láti àyà sókè nìkan ni mo rí nínú fóònù. Ó ní ẹsẹ̀, ó sì ga jù mí lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó fi mí jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Ọkùnrin kan ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀, ó di etí ṣáàtì rẹ̀ mú, ó ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Mo mọ ojú yẹn. Nígbà tó yá, Mọ̀ríámọ̀ jáde sí i, ó ní ìyàwó rẹ̀ ti bí tibi tire. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Wọ́n rò pé bàbá ìyàwó ni mí, wọ́n ń kí mi kú oríire, mo sì ń dáhùn.

Nígbà tí mo délé, mo dá fóònù Moyin padà fún un, mo sì lọ bẹ Tijésùnimí. Kò bínú, ó kàn ti jẹ iṣu náà tán ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mú àbúrò rẹ lọ sílé àǹtí yín Rose ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan gbà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà sí SS 1, láàárín àwọn ọmọ tí wọn kò tó o lọ́jọ́ orí. Mo bi í bóyá ojú ò ní tì í. Ó ní yóò ti òun, ṣùgbọ́n òun yóò jókòó.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí owó bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìwé kẹ́mísìrì àti dátà. Dátà yìí kì í pẹ́ tán. Mo ti sọ fún Moyin kí ó máa dé e dáadáa bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, kó má baà fẹ́ lọ. Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́, o ò ní fi àìsàn ná owó iṣẹ́ rẹ, ayọ̀ la ó fi ríra.

Ohun kan ló kù. Bí ohun kan bá wà tí ìwọ náà rí tàbí tí o gbọ́ nínú ilé yìí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o ṣì ń gbé kiri lọ́kàn, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ àlejò ni yóò kọ́kọ́ bi ọ́. Èmi ni mo bi ọ́ yìí. Kọ ọ́ sí mi, bó ti wù kó gùn tó. Mi ò ní bínú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámgbóṣé.