Ìjọba Tí Kì í Nájà

Aláyùn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Kí Olúwa máa ṣọ́ ẹ lálọ lábọ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Ìyá ẹ ní kí n bi ẹ́ bóyá o ti ń jẹun dáadáa àbí búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara ẹ. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jò níbi tó ti ń jò, tábìlì tí o ti máa ń fági náà wà níbẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e.

Nígbà tí o ń lọ, o ní bí iṣẹ́ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, kí lo fẹ́ máa bá ẹlòmíì ta àga nígboro fún. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó ń ran àwa oníṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ ká lè bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá du iṣẹ́ àgbàṣe, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn. Fọ́ọ̀mù wọn bèèrè pé òṣìṣẹ́ mélòó ni mo ní, mo kọ méjì, èmi àti ìwọ. Obìnrin kan níbẹ̀ tó wọ gíláàsì lójú ló kọ́ wa. Ó ní bẹ́ǹṣì ogójì ni ilé ìwé kan fẹ́, kí kálukú kọ iye tó máa gbà, kó lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé.

Ọmọ mi, ṣé ọmọdé ni mí ni? Ta ló ń pe jálẹ̀ owó lẹ́ẹ̀kan náà, iye tí kò ṣeé dín mọ́? Mo kọ ọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí ìjọba lè ráyè ná an. Mo gbálé, mo gbé àga kan síta fún ìjọba, mo sì ń retí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọn ò wá. Mo ní wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni ń lọ ni, bí oníbàárà ṣe máa ń ṣe, kí n lè pè wọ́n padà. Èmi náà dákẹ́, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ojú ń kán mi. Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì, wọn ò tiẹ̀ ní kí n dín in! Ó dùn mí dé egungun. Ìyá ẹ fi mí rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná.

Mo gba ọ́fíìsì lọ, mo fẹ́ jà. Onígíláàsì ní ìjọba kì í nájà. Mo ní ẹni tí kì í nájà, báwo ló ṣe ń mọ irú èèyàn tó ń tajà fún un? Ó ní kò burú, òun ń bọ̀ wá wo ṣọ́ọ̀bù mi. Ó sì wá lóòótọ́. Àpótí ìjókòó kékeré kan wù ú, ó bèèrè iye ẹ̀, mo pè é. Háà! Obìnrin yìí ná àpótí títí òógùn fi bò mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é padà, ó kù díẹ̀ kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ẹ mọ ọjà á ná tó báyìí, ẹ ò wá bá ìjọba ná tiwọn? Ó ní owó òun lòun fi ra àpótí, ti ìjọba, gbogbo èèyàn ló ni ín, bí òun bá bá mi ná an ní kọ̀rọ̀, wọ́n á ní a ti jọ mulẹ̀. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni.

Nígbà tí ilé ìwòsàn wá fẹ́ bẹ́ǹṣì ọgọ́ta, mo kọ jálẹ̀ owó mi sínú àpòòwé. Ojú tì mí bí ẹni bọ́ra síhòòhò láàárín ọjà. Aláyùn, wọ́n gbé e fún mi! Ìyá ẹ ti ka ìwé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n fún mi, èjìká mi ọ̀tún ò sì lágbára mọ́.

Jọ̀wọ́, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ránṣẹ́ kí n fi ra ìṣó àti gọ́ọ̀mù. Bó bá pọ̀ jù, sọ tìẹ, mo ti fi àyè ìnájà sílẹ̀ níbẹ̀. Kí o sì máa bọ̀ wálé. Méjì ni mo kọ fún ìjọba, má jẹ̀ẹ́ kí n di òpùrọ́.

Olúwa á jẹ́ kí ọwọ́ ẹ máa ríṣẹ́ ṣe, wàá jèrè ẹ̀, ojú ò ní tì ẹ́. Owó yẹn, o lè ná an. Bíbọ̀ ẹ wálé, jálẹ̀ ni mo pè é.

Èmi ni,
Bàbá ẹ.