Ìkéde Òkú Ẹni Tó Ṣì Ń Mí

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ara tèmi le. Ojú ló ń tì mí.

Ẹ rántí Bàbá Aránwé, àgbàlagbà tó ń rán ìwé pọ̀ nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n pẹ́ dé léraléra. Bí a bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, ohun tó bá wù wá la máa ń tẹ̀. Mo bá tẹ ìkéde òkú wọn, tòun ti fọ́tò: "Wọ́n sùn, wọn ò jí. Iṣẹ́ tí wọn ò ṣe ló gbẹ̀yìn wọn." Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n gbàgbé ni pé bébà tí a fi dán ẹ̀rọ wò náà la fi ń wé ẹrù oníbàárà. Ẹrù ilé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó Bàbá ti ń kọ́ni ni wọ́n fi eléyìí wé. Ìyá sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n bá Bàbá nídìí abẹ́rẹ́, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn la tó gbọ́ pé ọsibítù ni Bàbá ń yà láràárọ̀, nítorí àìsàn ọkàn.

Bàbá yí tábìlì wọn kọjú sí ògiri. Wọ́n ní tóṣù bá parí, àwọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ láìsí aránwé, bébà játijàti ni gbogbo ohun tí à ń tẹ̀. Ọ̀gá ti gbàgbé pé àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Mo kọ ìwé àforíjì. Mo fi àwàdà méjì sí i, kó má baà le jù. Bàbá kà á, wọ́n ká a, wọ́n fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá wọn. Mo ní, "Bàbá, mo fi yín ṣẹ̀sín, mo sì já Ìyá láyà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wò mí. "Kò sí àwàdà nídìí ẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Tèmi rọrùn. Lọ bá ẹni tó sáré."

Nílé wọn, Ìyá fún mi ní àga, wọ́n gbé ìkéde náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo ka orúkọ Bàbá. Mo dé ibi "wọ́n sùn", mo gbọ́ tí Bàbá wúkọ́ ní yàrá kejì, mo na bébà náà sí Ìyá.

Wọ́n gbà á. "Ìwọ ò lè kà á tán," ni wọ́n wí. "Èmi kà á tán, lórí ìdúró, níwájú ogójì ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ẹnu pa ẹni tó ń mí. Kó dá ọkọ àti ọmọ sí fún yín.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ.

Àfikún: Bàbá ò lọ mọ́. Wọn ò tíì bá mi ṣeré, ṣùgbọ́n lánàá wọ́n ní kí n wá bá àwọn di òpin okùn tí wọ́n fi ń rán ìwé mú. Wọn ò sọ ìgbà tí mo lè fi í sílẹ̀. Mo dì í mú títí a fi ṣíwọ́.