Obìnrin Tó Ń Gbé Fóònù Mọ̀núrù

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Mọ̀núrù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ. Ṣé ara le? Ṣé Àbíjáàn ń tọ́jú rẹ? Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn mọ́sálásí mọ́, ilé ni mo ti ń kírun. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ó di méjì. Èmi ìyá rẹ Hàwáwù ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, ilé-ìwé àwọn àgbà tí mo máa ń lọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo ń ta tòmátò alágolo ní Òkè Àrin ló wúlò fún mi lónìí. Mariyah ọmọ rẹ ni ì bá bá mi kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo kọ̀wé rárá. Wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Bàbá Ṣàíbù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ti kú. Ẹ̀yìn ààwẹ̀ ni, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé Mọ̀núrù ńkọ́, mo ní o ń bọ̀ lọ́nà. Ilé ẹ̀yìnkùlé wa tó fẹ́ dà wó, wọ́n ti wó o, eruku rẹ̀ ṣì ń bà lé aṣọ tí a bá sá títí di òní. Yàrá rẹ wà bí o ti fi í sílẹ̀, àwọn ẹbí ń kùn pé kí n gba ayálégbé sí i, mo ní ta ni wọ́n fẹ́ kí n sọ fún ọ pé ó wà níbẹ̀ bí o bá dé.

Báńkì tí o bá mi ṣí àkáǹtì sí ṣe mí lóore. Wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù mi pé àwọn ń bá mi yọ̀ fún ọjọ́ ìbí mi, wọ́n pè mí ní Hàwáwù ọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí títí wọ́n fi kú. Mo gbé oyin àti dàbínù, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní kò sí ẹni tó kọ ọ́. Mo ní báwo ni kò ṣe ní sí, ṣé ọ̀rọ̀ máa ń dá kọ ara rẹ̀ ni. N kò ní tàn ọ́, kì í ṣe ọpẹ́ nìkan ni mo bá lọ. Mo rò pé ẹni tó rántí èmi arúgbó yóò mọ ibi tí ọmọ mi wà, torí orúkọ rẹ ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí. Ọmọbìnrin kan gba dàbínù náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun á bá mi wádìí. Kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé rẹ gan-an ló mú mi kọ̀wé. Láti ọdún tó kọjá, bí mo bá ti pe fóònù rẹ, òun ló ń gbé e. Faransé ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n kí òun tán tó fi ń sọ tirẹ̀, bó bá sì sọ ọ́ tán á gé fóònù. Ní àkọ́kọ́ inú bí mi, mo sọ fún un pé a kì í gé fóònù mọ́ ìyá ọkọ létí. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó, mo ní ìyá Mariyah ti kú, o kò lè máa dá gbé nílẹ̀ àjèjì, ẹ̀sìn wa náà sì gbà ọ́ láàyè. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pè é ní ìyàwó mi, mo ní àyè rẹ̀ wà nínú agbo ilé yìí. Ohun tó máa ń sọ náà ló tún sọ.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé-ìwé Mariyah. Tíṣà Patience, ará Pópó Àgùdà, ló ń kọ́ wọn. Orin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ka oókan, eéjì, wọ́n ń dárúkọ àwọ̀. Mariyah á dé, á dúró gbọnrangandan, á ní bọ̀ńjúù, Màmá. Mo ní Faransé kò ní kó má kúnlẹ̀, kó kúnlẹ̀ tán ná kó tó bọ̀ńjúù mi. Ó kúnlẹ̀, ó bọ̀ńjúù. Nígbà tí mo rí i pé orin kò tán, mo lọ bá tíṣà, mo ní kó fi pupa àti funfun sílẹ̀ ná, kó kọ́ wọn bí a ṣe ń béèrè ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá pe nọ́ńbà rẹ, mo fi fóònù sí i létí kí òun náà gbọ́ obìnrin náà. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá Mariyah dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, tó ń kọ́ ọ, kò gba kọ́bọ̀, bó bá sì rí mi ní títì, á kúnlẹ̀ sínú eruku kí mi. N kò mọ ohun tí mo ṣe fún un.

Nígbà tó yá, Mariyah ní òun ti lè bá obìnrin náà sọ̀rọ̀. A fi ọjọ́ Jímọ̀ sí i, lẹ́yìn ìrun. Mo ní kó kúnlẹ̀ ti fóònù, ìyàwó bàbá rẹ̀ ni. Ó sọ Faransé tirẹ̀, obìnrin náà sọ tirẹ̀, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé o lọ sí ọjà, wàá pè wá bí o bá dé. Ọmọ mi, mo jó, pẹ̀lú orúnkún yìí. Ní Jímọ̀ kejì ó ní o rìnrìn àjò. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní o ti ra bàtà funfun fún òun, ẹni tí wàá fi rán ni o ń wá. Mo ròyìn rẹ̀ fún gbogbo agbo ilé.

Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ obìnrin yìí tipẹ́. N kò gbọ́ Faransé, àmọ́ mo ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, bí a ṣe ń há Kùránì sórí nílé kéú kí á tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ń dánu dúró. Ọjọ́ bàtà funfun yẹn ló yé mi pé ohun kan náà ló ń sọ láti ọdún tó kọjá, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ìtumọ̀ Mariyah ló ń yàtọ̀.

Mo lọ bá tíṣà láìjẹ́ kí ọmọ mọ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, mo ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe ń ka wàláà fún alùfáà mi láyé àtijọ́. Tíṣà sunkún. Ó ní ohun tí mo kà ni pé nọ́ńbà tí ẹ pè kò sí mọ́. Ó ní kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dá gbogbo ẹni tó bá pè lóhùn. Ó ní Mariyah ti mọ̀ tipẹ́, òun ló bẹ tíṣà pé kó má sọ fún mi.

Ẹ̀rù bà mí, Mọ̀núrù, ẹ̀rù náà kò sì tíì lọ. N kò lè bá tíṣà jiyàn, ó kàwé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n sọ pé kò sí mọ́, wọn kò sọ pé ìwọ.

Zayd tó ń wa bọ́ọ̀sì ẹrù láti Apọ́ngbọ̀n lọ sí Àbíjáàn ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ti ìṣáájú, ó mú un padà wá, ó ní àwọn tó wà nínú ilé yẹn kò mọ̀ ọ́. Mo ní kó gbé èyí fún ìmáàmù mọ́sálásí tí àwọn Yorùbá ti ń kírun níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àìsí owó ló ń tì ọ́ lójú, wá lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá wà, owó bàtà funfun nìkan ni mo ń tọrọ, kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà má baà di irọ́. Mo wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó sùn, okùn tí mo fi wọ̀n ọ́n wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹsẹ̀ náà ti gùn ju bí o ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ní àná ó tún kúnlẹ̀ ti fóònù. Obìnrin náà ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi náà ń kà á tẹ̀lé e nínú mi. Mariyah gbójú sókè, ó ní o ní kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, kí n sì máa jẹun. Mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé mo gbọ́. Ó yí padà, ó sọ ọ́ ní Faransé sínú fóònù tó ti kú.

Mo lo oògùn náà, mo sì jẹun.

Kí Ọlọ́run tó mọ ibi tí o wà ṣọ́ ọ fún mi, kí ó mú ẹsẹ̀ rẹ yà sí ọ̀nà ilé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù.